Ohun tí ojú mi kò lè wọ̀n: ọdún 26 nínú yàrá ìrọbí

Ní ọdún 1998 ni mo parí ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, ó sì dá mi lójú nígbà náà pé bí mo bá ti wo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, n óò mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Wọ́n ní kí a wo aṣọ, kí a wo rọ́bà tí a tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí a wo abọ́ irin tí a fi gba ibi, kí a wá kọ iye tí ojú wa bá fún wa sínú káàdì obìnrin náà. Ọmọ tí mo ti gbẹ̀bí rẹ̀ ti kọjá ohun tí mo lè kà kí n tó mọ̀ pé àbá lásán ni púpọ̀ nínú iye tí mo kọ sílẹ̀ wọ̀nyẹn. Àwọn tí ó máa ń bi mí nípa iṣẹ́ yìí sábà máa ń retí pé n óò dárúkọ ẹ̀rọ olówó ńlá kan tí ó tún ìtọ́jú aláboyún àti ìkókó ṣe lójú mi. Ẹ̀rọ wà lóòótọ́, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé ibi tí a ti gbà pé a kò mọ ohun tí a rò pé a mọ̀ ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìlera kékeré kan tí kò jìnnà sí Iléṣà ni mo wà ní ọdún 2006. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ni a ní, a kì í sì í rí iná mànàmáná lò ju wákàtí díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan wá bí ọmọ rẹ̀ kẹta lọ́dọ̀ wa. Ìrọbí náà rọrùn, ọmọ ké, ibi jáde láìpẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé òun ti gbọ́ ohùn ìyá, òun ti gbọ́ ohùn ọmọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lórí rọ́bà, mo kọ 300 mílílítà sínú káàdì, mo sì kọjú sí obìnrin mìíràn tí ó ń rọbí lọ́wọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo ní kí wọ́n fún un lómi. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yán, mo sì rò pé àárẹ̀ ni, nítorí ta ni kì í rẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀? Ìgbà tí mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, tí mo rí i pé ó tutù, tí ó sì ń làágùn, ni mo tó ká aṣọ kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gba abẹ́ rọ́bà wọ inú tìmùtìmù lọ, ó sì ti dì sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí iná tọ́ọ̀ṣì mi kò dé.

Àwa méjì péré ni a wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà. A gún un ní abẹ́rẹ́, a dúró wò ó. A fa omi sí i lára, a dúró wò ó. Ọkọ rẹ̀ ń sáré kiri ìlú láti wá onímọ́tò tí yóò gbà láti jáde ní òru. Kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ẹfun, wọ́n sì ní kò sí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kí àwọn ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò mọ́ bá a. Ọmọ náà yè, ó ti di géńdé báyìí, mo sì máa ń rí i nínú ọjà nígbà mìíràn. Káàdì ìyá rẹ̀ wà nínú àpótí ìwé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, 300 ni ó wà níbẹ̀, ìkọ̀wé mi sì ni.

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru náà dáadáa. Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó ìdajì lítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ibi bá jáde, ohun tí ń sé ojú àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà ni pé kí ilé ọmọ sunkì, kí ó di ara rẹ̀ pọ̀ bí ìkúùkù. Bí kò bá sunkì, ńṣe ni ó dà bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tí ó kéré lọ́jọ́ orí tí ara rẹ̀ sì le a máa fara dà á fún ìgbà díẹ̀: yóò máa dáhùn ọ̀rọ̀, ìfúnpá tí a ń wọ̀n lápá rẹ̀ yóò ṣì dára, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ a máa mu ẹ̀jẹ̀, omi ọmọ àti ìtọ̀ a sì máa dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú agbẹ̀bí ṣe ń dín in kù sí i, ìyẹn ni pé ibi tí a ti nílò ojú wa jù lọ ni ó ti ń tàn wá jù lọ.

Ní ọdún 2023 ni àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE jáde. Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, obìnrin tí ó bímọ níbẹ̀ láàárín àkókò náà sì lé ní 200,000. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kún iṣẹ́ agbẹ̀bí kò ju ọ̀rá kan lọ. Ẹnu ọ̀rá náà gbòòrò lókè, ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀ bí àrọ, a sì ti fa ìlà sí i lára. A ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí obìnrin ní kété tí ọmọ bá ti jáde, kí gbogbo ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn sínú rẹ̀ ní ojú gbogbo èèyàn. Bí ó bá ti kan ìlà 500, tàbí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara obìnrin náà ti ń fi àmì ewu hàn, gbogbo ìtọ́jú ni a ó ṣe pọ̀: ẹnìkan yóò máa fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ kí ilé ọmọ lè sunkì, a ó gún un ní oxytocin, oògùn tí ń mú ilé ọmọ sunkì, a ó fún un ní tranexamic acid tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì tún tú, a ó fa omi sí i lára, a ó yẹ ojú ara wò bóyá ó ya, a ó sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá. Àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà ju lítà kan lọ, tàbí tí wọ́n ní láti là nínú nítorí rẹ̀, tàbí tí ó pa, dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti sọ pé kí a má ṣe ohun kan kí a sì máa dúró wò ó kí a tó ṣe èkejì, mo pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀.

N kò ní parọ́, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kó ọ̀rá náà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 2024. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣé ọ̀rá ni yóò wá kọ́ mi ní iṣẹ́? Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí obìnrin kan bímọ níṣojú èmi àti ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi. Mo wò ó, mo ní ẹ̀jẹ̀ náà kò ju 250 lọ. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ìlà, ó ní, "Mà, ó ti ju 450 lọ, ó sì ń bọ̀." Mo ní kí ó fara balẹ̀. Kò fara balẹ̀. Ó ti gbé ọwọ́ lé ikùn obìnrin náà, ó sì ń pè mí pé kí n bá òun mú abẹ́rẹ́ wá, kí n sì wá iṣan tí a ó fi omi sí. Kí ìdajì wákàtí tó pé, ẹ̀jẹ̀ náà ti dá, obìnrin náà sì ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bọ́ síta lọ dúró lẹ́bàá kànga.

Mo fẹ́ fi kún un pé ọ̀rá náà kò lè ṣe iṣẹ́ tí oògùn tí ó ti bàjẹ́ kò ṣe. Inú òtútù tí ó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ kí a máa tọ́jú oxytocin sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni tiwa ń wà, nínú ooru àti nínú ìmọ́lẹ̀, kí ó lè wà ní àrọ́wọ́tó, a ó sì gún obìnrin, a ó tún gún un, ilé ọmọ kò ní gbọ́. A máa ń sọ pé ara obìnrin náà kò gba oògùn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó o pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú fíríìjì onísólà ni gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Iye náà tóbi ju ohun tí ọkàn lè gbé lọ. Ẹnìkan ni mo máa ń rí nínú rẹ̀, ìyá géńdé inú ọjà yẹn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni èmi kò fẹ́ kọ, nítorí pé ó kan ẹnu mi. Gbogbo ẹni tí ó bá ti bímọ ní ilé ìwòsàn ìjọba mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń sọ. "Nígbà tí o ń ṣe é, ṣé o pè mí?" Èmi náà ti sọ ọ́. Mo ti gbá obìnrin létí itan pé kò ṣí ẹsẹ̀, mo ti lé ìyá rẹ̀ síta, mo sì pè é ní ìbáwí tí ń gba ẹ̀mí là. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ pàdé mi níbi tí wọ́n ti ń ta ata, ọmọ mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé ibo ni ó bí ìyẹn sí. Ó dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kan. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé ìfúnpá rẹ̀ ga nígbà tí ó bí àkọ́kọ́ ni, pé gìrì aláboyún lè mú un lójijì, pé wọn kò ní abẹ́rẹ́ magnesium tí ń dá gìrì náà dúró níbẹ̀? Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, wọ́n ń pè mí ní ìyá." Kò bú mi. Ó tún dá mi ní ata díẹ̀ nínú èyí tí ó rà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni obìnrin ń rí nílé ìgbẹ̀bí ìjọ tí kò rí lọ́dọ̀ wa, mo sì lọ fi ojú ara mi rí i. Ìyá àgbà tí ń ṣe àkóso ibẹ̀ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Obìnrin tí ń rọbí níbẹ̀ ní ẹnìkan tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń rìn kiri, ó ń mu omi, ó sì kúnlẹ̀ nígbà tí ó tó àkókò. Mo wá ronú pé Yorùbá kò pè é ní ìdùbúlẹ̀ abiyamọ, ìkúnlẹ̀ ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni a ń dá gbogbo obìnrin dé nílé ìlera wa, ẹsẹ̀ lókè, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn fún àwa. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé kí obìnrin ní ẹni tí ó bá fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì bímọ ní ipò tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá àgbà yìí kò ka ìlànà kankan. Ohun tí òun náà kò ní ni ohun èlò ìfúnpá, oògùn, àti ọkọ̀.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ní àkọ́kọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ń dá wọn dúró títí ewu á fi dé, Ìyá." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà lẹ sì ń lé wọn wá bá mi." Mo ti gbọ́ nípa ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe pẹ̀lú ètò Abíyè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ ní ọdún 2009, tí wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà fún wọn, tí wọ́n sì wá fi owó kékeré yẹ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ sí fún gbogbo obìnrin tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn. Àwa kò ní owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé mo fún Ìyá ní nọ́ńbà mi àti ti awakọ̀ kan, mo ṣèlérí pé bí ó bá mú ẹnikẹ́ni wá, òun ni yóò dúró tì í nínú yàrá ìrọbí, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹni tí ó mú wá. Ìlérí kejì yẹn ṣòroó mú ṣẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò kọ́kọ́ gbà. Láàárín ọdún kan, ó ti mú obìnrin mẹ́rìndínlógún wá, méjì nínú wọn ti ń ní gìrì kí wọ́n tó wọlé. Àwọn méjèèjì yè.

Ti ìkókó yá mi lára láti sọ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Bí a bá bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nígbà kan rí, a ó fi òwú wé e, a ó gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, a ó sì máa wá ẹ̀rọ agbọ́mọgbóná tí ó lè má ní iná. Mo sin obìnrin kan lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí kò tó kílógíráàmù kan àtààbọ̀. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi márùn-ún tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tí ó fi hàn ní ọdún 2021 pé bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò láti kété tí a ti bí i, láìdúró títí ara rẹ̀ yóò fi le, ikú wọn yóò dín kù ní ìdá mẹ́rin. Àwọn dókítà ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbígbé ìkókó sí àyà ìyá ṣe ìtọ́jú ní ọdún 1978, nígbà tí ẹ̀rọ kò tó wọn lò. Ìyá ọkọ obìnrin náà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí ó so ìkókó mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yìí, ẹ̀yìn ni a ti ń pọnmọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹ wá gbé e síwájú bí ẹrù aláàárù." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yìn ṣì ń dúró dè é, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ọkàn ìyá rẹ̀ ṣe ń lù." Nígbà tí ó rẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, Màmá fúnra rẹ̀ ni ó bọ́ bùbá rẹ̀ tí ó gba ọmọ sáyà. Kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ìwẹ̀ ọmọ a máa dá ìjà sílẹ̀ ju èyí lọ. A ní kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́ títí ọjọ́ kan gbáko yóò fi pé, kí òtútù má bàa mú un. Àwọn ìyá àgbà ní ọmọ á máa rùn. Lórí ìwọ́, mo ti rí ọṣẹ ìfọyín, mo ti rí eérú, mo ti rí omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó o, títí tí jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí ń pa kòkòrò àrùn fi dé tí ó fún ọwọ́ ìyá àgbà ní ohun tí yóò fi kun ìwọ́, nítorí pé ọwọ́ náà kò lè ṣe kó má ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń pariwo lé lórí jù ni káńfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí a bá wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ aṣọ tí káńfọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, ibà pọ́njú náà sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Aṣọ tí ó dára jù nínú àpótí, èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ de ọmọ láti ìgbà tí oyún ti yọ, ni ó sábà máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tí a ń gbé wọn sí kò lè wò ó bí ó bá ti le. Iná aláwọ̀ búlúù ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n sì tètè dé ibẹ̀.

Mo fẹ̀yìn tì ní ìparí ọdún 2024. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ mi obìnrin rọbí, wọ́n sì gbà mí láyè kí n dúró tì í, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ọmọ ti wà ní àyà rẹ̀, tí wọ́n ti ràn án lọ́wọ́ dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì ti tẹ́ ọ̀rá náà, mo wo ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, ojú mi sì sọ fún mi pé kò ju 200 lọ. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ìlà, ó ní 350 ni. Ó ní, "Ẹ bá mi fọwọ́ ra ikùn wọn, Mà, kí n mú abẹ́rẹ́." Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sì gbé ọwọ́ lé ọmọ mi níkùn.